Tí ara bá ń yún yín tí kírímù ò ràn án, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò

Àìsàn awọ ara kan wà tí wọ́n ń pè ní lichen planus, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in lára tí wọ́n ń fi oògùn làpálàpá pa á látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Làpálàpá máa ń rí roboto, etí ẹ̀ á máa fẹ̀ lọ, àárín á fẹ́ mọ́. Eléyìí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló máa ń so, orí ẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń dán díẹ̀ tí iná bá tàn sí i, lára àwa aláwọ̀ dúdú ó máa ń ṣe bí elésè àlùkò tàbí kó kúkú dúdú. Ọrùn ọwọ́, ojúgun àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló fẹ́ràn, ó sì máa ń yún burúkú. Ẹ tún dúró síwájú dígí kẹ́ ẹ fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: tẹ́ ẹ bá rí ìlà funfun tín-ín-rín tó kọjá lórí ara wọn bí àwọ̀n nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè fọ̀ kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà nìyẹn. Kì í ràn o, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá kan ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀? Wọ́n ti rí i pé àwọn tó ní lichen planus, pàápàá tẹnu, máa ń ní hẹpatáítìsì C, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ju àwọn tí ò ní in lọ. Kì í rí bákan náà níbi gbogbo, ní Japan àti Ítálì ó hàn dáadáa, ní Britain kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìyẹn ni pé níní in ò túmọ̀ sí pé ẹ ti kó hẹpatáítìsì, àmọ́ hẹpatáítìsì C lè wà lára èèyàn fún ogún ọdún kójú má pọ́n, kí inú má dunni, torí náà ẹ ò lè fi bí ara ṣe rí mọ̀ ọ́n.

Ẹ lọ rí dókítà awọ ara, wọ́n wà láwọn ilé ìwòsàn ńlá bí UCH n'Ìbàdàn, LUTH l'Ékòó àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan àti oògùn ibà kan wà tí wọ́n lè mú ohun tó jọ ọ́ yọ síni lára. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì: anti-HCV fún hẹpatáítìsì C, HBsAg fún hẹpatáítìsì B. Tí anti-HCV bá jẹ́ pósítíìfù, ẹ má tíì sunkún, ohun tó ń sọ ni pé ara yín ti pàdé kòkòrò yẹn rí, àwọn kan sì wà tí ara wọn ti lé e lọ fúnra ẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn tó ń wá kòkòrò náà fúnra ẹ̀, HCV RNA, ló máa sọ bóyá ó ṣì wà, owó ẹ̀ wọ́n díẹ̀ àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró tí wọ́n á wá lọ ra àgbo. HBsAg ńkọ́? Tí hẹpatáítìsì B bá ti ń sùn sínú ẹ̀dọ̀, prednisolone (oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù) tó pọ̀ tàbí oògùn hẹpatáítìsì C fúnra ẹ̀ lè jí i sílẹ̀, torí náà dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kọ nǹkan kan fún yín.

Hẹpatáítìsì C ń lọ pátápátá báyìí. Sofosbuvir àti daclatasvir, oníhóró ni, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sábà máa ń lò ó, ó sì ń wo ju èèyàn 95 sàn nínú 100. Abẹ́rẹ́ interferon tí wọ́n ń lò fún un láyé àtijọ́ máa ń mú kí lichen planus àwọn kan le sí i. Àmọ́ kòkòrò lè lọ kí ara ṣì máa yún, kírímù tí dókítà bá kọ lẹ máa fi tọ́jú ìyẹn. Àpá dúdú tó máa kù sílẹ̀ lè pẹ́ lóṣù púpọ̀ kó tó ṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kírímù tó ń bóra lé e.

Ọtí àti àgbo tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ná. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún hẹpatáítìsì C, ti B ló wà, torí náà ẹ má bá ẹnikẹ́ni lo abẹ tàbí abẹ́rẹ́ pọ̀, ẹ sì rí i pé onígbàjámọ̀ lo abẹ tuntun. Abọ́ ìjẹun tẹ́ ẹ jọ ń lò kì í ko ó ranni. Tí lichen planus bá wá dégbò lẹ́nu, ẹ dín ata kù, kẹ́ ẹ máa jẹ́ kí dókítà eyín yẹ ẹ́ wò déédéé, torí kì í wọ́pọ̀ àmọ́ ó lè di jẹjẹrẹ.