Bẹ́líìtì àlòkù kan, ìdìmú dúrọ́ọ̀ mẹ́fà

Àpótí onídúrọ́ọ̀ mẹ́fà ni mo tún ṣe, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Pákó MDF, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, ni wọ́n fi kàn án, wọ́n kùn ún ní funfun, wọn ò sì ṣe ọ̀ṣọ́ kankan sí i lára. Ojú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 18, pákó náà sì nípọn ní mìlímítà 18. Mẹ́rin tó wà lókè kò ní ihò kankan. Ìka ni wọ́n ń tì bọ abẹ́ ẹnu wọn láti fà wọ́n. Méjì ìsàlẹ̀ ti ní háńdù onírin rí, ihò méjì sì wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mìlímítà 96 síra wọn. Ẹ wọn tiyín kí ẹ tó gé ohunkóhun. 96 àti 128 ló wọ́pọ̀ lára háńdù ọjà, àmọ́ ẹni tó lu ihò lè ti ṣì í wọ̀n.

Awọ ni mo fi ṣe ìdìmú náà, láti ara bẹ́líìtì ọkùnrin kan tí mo ṣà níbi òkìríkà. Ibi yíyan bẹ́líìtì yìí ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí kó bàjẹ́. Ẹ wo etí ihò bẹ́líìtì dáadáa. Awọ gidi ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ láti ojú dé ẹ̀yìn, kò sí ibi tí ẹ máa rí i pé nǹkan méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ayédèrú ní ìpele: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, aṣọ tàbí ohun tó jọ páálí láàárín. Ẹ ṣẹ́ ẹ po mọ́ àárín ìka: ojú awọ gidi á hun jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ti ayédèrú á là bí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ẹ bá fi ayédèrú ṣe é, kò ní pé oṣù mélòó kan tí yóò fi máa bó níbi tí ọwọ́ ń dì mú. Kí awọ náà nípọn tó mìlímítà 3 sí 4. Awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ fi ń ṣe tìmùtìmù lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Àfi tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ mìíràn tó le. Irú awọ tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìlù kò yẹ iṣẹ́ yìí rárá. Awọ tútù tí wọ́n kàn sá gbẹ ni, bí afẹ́fẹ́ òjò bá ti fẹ́ sí i ni yóò dẹ̀.

Bẹ́líìtì tí mo lò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 110, ó fẹ̀ ní 3.5. Mo gé 5 kúrò níbi ìdè rẹ̀, mo gé 20 kúrò ní apá ibi tí ihò márùn-ún wà. Ó ku 85. Ìdìmú kan gba 14, mẹ́fà gba 84. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ló ṣẹ́kù, nítorí náà ẹ má ṣe gé láìtíì ṣírò.

Ohun tó máa ń jẹ́ kí ìdìmú àtọwọ́ṣe dà bí iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni àìdọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi mìlímítà mẹ́ta gùn ju èkejì lọ, ojú á rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gé páálí líle kan sí ìwọ̀n 14 sí 3.5, tí mo fi páálí kan náà sàmì sí awọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ẹ bá ń fi rúlà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìwọ̀n á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ sì fi irin rúlà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin láìkì í mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gé e já lẹ́ẹ̀kan, abẹ á yà bàrá lọ́wọ́ rẹ̀, etí awọ á sì dagun.

Ihò awọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìṣó lu. Ìṣó kàn ń ti fọ́nrán awọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ihò náà á tún máa pa dé mọ́ bóòtù, á sì wú yí i ká. Ohun tó máa yọ awọ jáde ló yẹ. Àwọn oníbàtà ní irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i yá, ẹ wá ọ̀pá eriali rédíò tó ti kán, ẹ gé ibi tó fẹ̀ tó mìlímítà 4, kí ẹ sì fi fáìlì pọ́n ẹnu rẹ̀ títí yóò fi mú. Mo gbé awọ lé orí ìtì igi, mo gbé ọ̀pá náà lé e ṣánṣán, mo fi òòlù lù ú ní ẹ̀ẹ̀kan tó dún. Ẹ má lù ú lórí sìmẹ́ńtì, ẹnu ọ̀pá á kú lójú ẹsẹ̀.

Ihò àkọ́kọ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí etí. Bó bá súnmọ́ etí ju 1.2 lọ, awọ á máa ya díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fa dúrọ́ọ̀ tó kún fún aṣọ. Ẹ má tíì lu ihò kejì. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ awọ sí méjì bí mo ṣe máa sọ nísàlẹ̀ yìí, kí etí méjèèjì bára mu, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti ihò àkọ́kọ́ sàmì sí abala kejì. Ibi tí awọ ti ṣẹ́ kì í bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, bó ti wù kí ẹ wọ̀n ọ́n tó.

Awọ tó nípọn báyìí á là lójú bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ ní gbígbẹ. Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹ̀yìn ibi tí mo fẹ́ ṣẹ́, mo dúró fún ìṣẹ́jú méjì, mo wá ká a mọ́ ara pẹ́ńsù kan kí ibi tó ṣẹ́ lè tẹ̀ roboto, mo sì fi péègì aṣọ mú etí méjèèjì pọ̀ mọ́jú. Pẹ́ńsù yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń fi àyè sílẹ̀ tí ìka á fi rí nǹkan dì mú nísàlẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo fi sáńpépà onínọ́ńbà 240 pa etí rẹ̀, mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú 400, mo fi ìda oyin díẹ̀ ra etí náà, mo sì fi ara ìgò kan ha á títí ó fi gbóná tó ń dán. Ṣé ẹ mọ bí etí bàtà awọ tó dára ṣe máa ń rí, tó mọ́lẹ̀ bí igi tí wọ́n fá? Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ má fi òrí dípò ìda: òrí kì í gbẹ, ó máa ń mú awọ rọ̀, á sì kó àbàwọ́n bá ọ̀dà funfun.

Ó kan bóòtù. Awọ ìpele méjì jẹ́ mìlímítà 7, pákó 18, wọ́ṣà méjì jẹ́ 2, nọ́ọ̀tì jẹ́ 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Bóòtù M4 (tó nípọn ní mìlímítà 4) tó gùn ní mìlímítà 30 ni mo rà, ọ̀kan fún dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan lókè, méjì méjì fún ti ìsàlẹ̀. Mẹ́jọ ni lápapọ̀, pẹ̀lú wọ́ṣà 16 àti nọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Ti ìsàlẹ̀, tí n kò ṣẹ́ awọ rẹ̀, kò ní ju ìpele awọ kan lọ, nítorí náà bóòtù á yọ sínú dúrọ́ọ̀. Ayùn irin ni mo fi gé e kúrò, mo sì fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀ kó má baà máa fà aṣọ ya. Wọ́ṣà tó máa jókòó lórí awọ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 12, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí bóòtù á rì sínú awọ.

Ẹ ra bóòtù idẹ tàbí ti stainless. Awọ tí wọ́n fi èèpo igi tàbí èso bàgàrúwà rẹ àti irin lásán kì í bára gbé. Bí ọ̀rinrin bá ti wà láàárín wọn, ibi tí wọ́n ti pàdé á dúdú bíi tàdáwà, kò sì sí ọṣẹ tó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Nítorí èyí náà, ẹ jẹ́ kí awọ tí ẹ fi omi nù gbẹ délẹ̀ kí ẹ tó de irin mọ́ ọn.

Ibo ni kí ihò wà lójú dúrọ́ọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á lù ú sí àárín gbùngbùn, ìdìmú á wá dà bí ohun tó ń yọ́ wálẹ̀. Ìdìmú tó ti ṣẹ́ sí méjì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 7, 1.5 wà lókè bóòtù, 5.5 wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín ìdìmú fi sẹ̀ǹtímítà 2 wà nísàlẹ̀ bóòtù. Bí àárín ojú dúrọ́ọ̀ bá wà ní 9, a jẹ́ pé 7 láti òkè ni kí ihò wà. Ìṣirò yìí ni kí ẹ fi ìwọ̀n tiyín sí. Bí dúrọ́ọ̀ bá fẹ̀ ju 60 lọ, ẹ fi ìdìmú méjì sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, torí pé ìdìmú kan á máa fà á wọ́, á sì máa há.

Fún lílu ihò, mo fi pákó pẹlẹbẹ kan ṣe àwòkọ́ṣe. Mo kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí rẹ̀ lókè kó lè kọ́ orí dúrọ́ọ̀, mo sì lu ihò kan ṣoṣo sí i ní 20 láti ẹ̀gbẹ́ àti 7 láti òkè. Mo ń gbé e láti orí dúrọ́ọ̀ kan sí èkejì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bọ́ síbì kan náà. Mo lẹ tépù oníwèé mọ́ ojú ibi tí mo fẹ́ lù, mo fi pákó mìíràn ti ẹ̀yìn rẹ̀ gírígírí, mo lo ẹnu dírììlì onímìlímítà 3 ṣáájú, lẹ́yìn náà 4.5. Láìsí pákó lẹ́yìn, MDF á bú jáde nínú bíi búrẹ́dì. Bí dírììlì yín bá ní ìlù tí wọ́n fi ń lu ògiri, ẹ pa á.

Lẹ́yìn náà: wọ́ṣà sára bóòtù, bóòtù gba inú awọ méjèèjì kọjá, ó wọ pákó, wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì nínú. Níwọ̀n bí bóòtù ti jẹ́ ọ̀kan, ìdìmú lè máa yí bí ọwọ́ aago. Mo fi gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ sẹ́yìn awọ, lẹ́yìn tí mo ti fi sáńpépà ha ọ̀dà níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Awọ á máa rì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ wọ́ṣà, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀. Ẹ tún un fún, kí ẹ wá kán kútẹ́ẹ̀sì ẹ̀kán kan sí ẹnu rẹ̀. Kò ní tú mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ ṣì lè fi sípánà tú u lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́.

Dúrọ́ọ̀ méjì ìsàlẹ̀ lo ihò àtijọ́. Awọ 14 kan náà ni, àmọ́ n kò ṣẹ́ ẹ. Ihò rẹ̀ wà ní 1.5 sí etí kọ̀ọ̀kan, ó fi sẹ̀ǹtímítà 11 sáàárín. Ihò pákó jẹ́ 9.6. Sẹ̀ǹtímítà 1.4 tó lé yẹn ló ń mú kí awọ tẹ̀ bí ọrun, àárín rẹ̀ sì jìnnà sí pákó ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ìka mẹ́rin wọlé. Bí èlé náà bá kéré sí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, èékánná yín á máa ha ọ̀dà. Níwọ̀n bí méjèèjì ti wà ní ìlà ìsàlẹ̀, ó dà bí ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà ní ilẹ̀kùn méjì. Kókó onígi, èyí tí ọwọ́ ń dì mú láti fi ṣí i, ni mo fi sí i, láti ara àjákù igi àpá tí àwọn káfíńtà ń jù nù. Ìrókò náà dára, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń ta imú. Ẹ bo imú. Afárá rọ̀ jù, súkúrù á máa tú. Mo gé e sí sẹ̀ǹtímítà 3.5 ní òró àti ní ìbú, ó nípọn ní 2.5, mo sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 1 láti igun kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ayùn bu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di onígun mẹ́jọ. Iṣan igi gbọ́dọ̀ gba ojú kókó kọjá, kí súkúrù lè dá a lágbedeméjì. Àwọn tó ń gé ọ̀pá ìgbálẹ̀ ṣe kókó, súkúrù wọn ń wọ ibi tí iṣan igi ti pin, ìdí nìyẹn tó fi ń fà yọ.

Lójú kókó náà ni mo lẹ igbá àgbọn kékeré bìrìkìtì mọ́, ó fẹ̀ ní mìlímítà 25. Ẹni tó bá wà lápá Àgbádárìgì kò ní wá a jìnnà. Àgbọn gbígbó ni kí ẹ lò, kí ẹ ha ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì sá a síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó tẹ̀, nítorí náà àárín rẹ̀ fi bíi mìlímítà 1.5 ga ju etí lọ. Mo tẹ́ sáńpépà 80 sórí tábìlì, mo fi inú àgbọn náà yí lórí rẹ̀ títí etí fi jókòó, mo fi gọ́ọ̀mù líle Araldite tí mo pò mọ́ ìyẹ̀fun àgbọn náà dí àyè tó kù. Ẹ kọ́kọ́ fi sípíríìtì nu òróró inú rẹ̀ kúrò.

Súkúrù onímìlímítà 35 ló wọlé láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ihò ilẹ̀kùn jẹ́ mìlímítà 4.5 kí súkúrù lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ihò kókó jẹ́ mìlímítà 2.5, ó jìn ní mìlímítà 18, mo sì fi tépù sàmì sára ẹnu dírììlì kó má baà lu ojú kókó já. Bí súkúrù bá ń mú nínú pákó ilẹ̀kùn náà, àlàfo á wà láàárín kókó àti ilẹ̀kùn, bó ti wù kí ẹ fún un tó. Àpá le, ẹ fi súkúrù ra ọṣẹ kó má baà kán. Kí ẹ tó fún un gan, ẹ yí kókó méjèèjì kí iṣan igi wọn dúró lóòró.