Kọ́bọ̀ ń sọnù nínú dátábéèsì mi, WHERE náà ò rí ọjà tó wà níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, MySQL (ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátábéèsì) ni mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan, FLOAT (irú nọ́ńbà kan tó máa ń ní ẹ̀sún) ni mo fi kọ̀lọ́ọ̀mù iye sí. Ọjà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ₦1,250.90, mo ń fojú ara mi rí i nínú tébù, àmọ́ tí mo bá ti kọ WHERE iye = 1250.90, ìyẹn kó wá ọjà tí iye ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní mú nǹkan kan wá. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Àbúrò, ọjà ẹ ò sọnù, FLOAT yẹn ni. Ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni FLOAT ṣe ń pín nǹkan, torí náà 0.5 àti 0.25 máa wọlé geere, àmọ́ 0.9 ò lè wọlé láéláé, èyí tó sún mọ́ ọn jù ló máa mú. Ohun tó wà nínú tébù ẹ gan-an ni 1250.9000244140625, MySQL kàn ń gé e kúrú fún ẹ ni tó bá ń gbé e jáde. O wá ń bi í bóyá ó bá 1250.90 dọ́gba, ó ní rárá, òótọ́ ló sì sọ.

Ṣe backup (ẹ̀dà dátábéèsì ẹ) ná, mo bẹ̀ ẹ́, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, lẹ́yìn náà kó o wá kọ èyí, kó lè yí kọ̀lọ́ọ̀mù náà sí DECIMAL, tó ń tọ́jú nọ́ńbà bó ṣe rí gan-an, kọ́bọ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀sún:

ALTER TABLE oja MODIFY iye DECIMAL(15,2) NOT NULL;

Má kọ DECIMAL lásán o! Tó ò bá fi nọ́ńbà sí i, DECIMAL(10,0) ni MySQL máa kà á sí, gbogbo kọ́bọ̀ ẹ ló máa gbé mì. Owó ńláńlá sì tún wà níbẹ̀: tó o bá ti fi ₦1,250,750.30 sínú FLOAT tẹ́lẹ̀, 1250750.25 ló ti dà, kọ́bọ̀ márùn-ún ti lọ nìyẹn, ALTER ò lè dá a padà, inú rísíìtì lo ti máa lọ wá a.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò kàn lè máa fi ROUND(iye, 2), tó ń sọ nọ́ńbà di ẹlẹ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀sún, sí i ni, kí n fi tébù sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ìdáhùn: Ó máa rí ọjà yẹn fún ẹ, àmọ́ index (atọ́ka tó ń mú kí MySQL tètè rí nǹkan) tó wà lórí iye ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ọjọ́ tí tébù bá kún lo máa mọ̀ ọ́n lára. Tún kọ̀lọ́ọ̀mù ṣe jàre.

Ìbéèrè: Mo ti yí i sí DECIMAL, ó dáa gan-an, ẹ ṣé. Àmọ́ VAT 7.5% tó wà lórí rísíìtì fi kọ́bọ̀ kan ju ti rípọ́ọ̀tù, ìyẹn àkópọ̀ ọjà tí mo tà, lọ.

Ìdáhùn: Èyí ò kan FLOAT mọ́, ibi tó o ti ń ṣe ROUND ni. VAT orí ₦1,250.90 jẹ́ 93.8175, tó o bá ṣe ROUND ẹ̀ ó di 93.82, ọjà mẹ́ta tó jẹ́ iye kan náà á wá jẹ́ 281.46. Tó o bá ro owó wọn pọ̀ kó o tó ṣírò VAT, 3752.70 á fún ẹ ní 281.4525, ìyẹn 281.45. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ o ò lè ṣe ọ̀kan lórí rísíìtì kó o wá ṣe ìkejì nínú rípọ́ọ̀tù. Tèmi ni pé kó o ṣe é lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, torí oníbàárà á fẹ́ ro ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ pọ̀ kó sì pé, kó o wá kọ VAT yẹn sínú kọ̀lọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́jọ́ tó o tajà, kí rípọ́ọ̀tù kàn máa ṣe SUM ẹ̀, ìyẹn kó máa rò ó pọ̀.