Iṣan Ẹ̀yìn Itan Tó Já: Bí Eléré Ìdárayá Ṣe Lè Padà Sórí Pápá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, níbi ìdíje eré sísá àgbáyé tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, Usain Bolt gba ọ̀pá fún ìpele ìkẹyìn eré ìje 4x100 mítà. Kò pẹ́ tó fi di ẹ̀yìn itan òsì mú, ó tiro, ó sì wó lulẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tọ́ eléré ìdárayá sọ́nà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di itan mú bẹ́ẹ̀.

Iṣan mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti orí egungun tí a fi ń jókòó sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún. Nígbà tí eléré bá ń sá pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú tí ó fẹ́ kan ilẹ̀, àwọn iṣan yìí ló ń ká ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ kò. Wọ́n ń nà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sábà máa ń já. Ìsinmi nìkan kò lè múra iṣan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrora máa ń lọ kí agbára tó padà dé, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń padà sórí pápá ní kíá, tí iṣan kan náà sì ń tún já.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìpalára tó jẹ́. Bí eléré bá gbọ́ ohun tó dún bí ìgbà tí okùn já, bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹ̀yìn itan bá dúdú tí ó sì wú, tàbí bí ẹ bá fọwọ́ kan ibi tó jin sínú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yàwòrán rẹ̀. Iṣan tó ti ya kúrò lára egungun lè nílò iṣẹ́ abẹ, kò sì dára kí ó pẹ́.

Fún èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi bándéèjì wé itan náà, ẹ fi aṣọ wé yìnyín, kí ẹ sì gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ní ìgbà mélòó kan lóòjọ́. Kí ó máa rìn ní ìṣísẹ̀ kúkúrú. Lórí ọ̀pọ̀ pápá wa, ìpara tó ń ta ni wọ́n ń sáré wá, wọn a sì fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ kíkankíkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn nínú ẹran náà: ooru ń mú kí ó pọ̀ sí i, fífi agbára wọ́ ọ sì ń fa ohun tó fẹ́ so pọ̀ ya.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún díẹ̀, kí ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, láìgbé ara kúrò nílẹ̀. Tí èyí bá ti rọrùn, kí ó máa gbé ìbàdí sókè, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Carl Askling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ṣe ìwádìí lórí agbábọ́ọ̀lù 75, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn tó ṣe ìmárale tó ń na iṣan bó ti ń ṣiṣẹ́ padà sínú ìgbáradì ní ọjọ́ 28 ní ìpíndọ́gba, àwọn tó ṣe irú èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì lo ọjọ́ 51. Ìmárale mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́ yìí. Nínú ọ̀kan, eléré a fi ẹ̀yìn lélẹ̀, a fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan dúró ṣánṣán, a sì máa na orúnkún díẹ̀díẹ̀ títí kan ibi tí ìrora fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ìgbà 12 lọ́nà mẹ́ta, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Nínú èkejì, yóò fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún dúró, yóò sì tẹ̀ síwájú láti ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sínú odò, ìgbà 6 lọ́nà mẹ́ta ní ọjọ́ méjì-méjì.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo tọ́jú máa ń ṣe é lórí táìsì ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wọn. Á di irin fèrèsé mú, á gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, á wá jẹ́ kí ẹsẹ̀ kejì, tó wọ ìbọ̀sẹ̀, máa yọ̀ lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ ló fi ń fa ara rẹ̀ padà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, àyà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan itan. Ìgbà 4 lọ́nà mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ti tó.

Ìgbà tó bá lè rìn kíákíá láìtiro ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sáré. Ẹ sàmì sí mítà 60: 20 fún gbígbé iyára sókè, 20 fún dídúró lórí iyára náà, 20 fún dídẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì agbára, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sáàárín eré kíkankíkan méjì. Ẹnikẹ́ni tí kò tíì fi gbogbo agbára sáré nínú ìgbáradì kò gbọ́dọ̀ wọ ìdíje.

Kí ẹ tó fún un láyè, ẹ dán an wò báyìí: kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ nà gbọnrangandan, kí ó sì ju ẹsẹ̀ náà sókè bó bá ṣe lè yá tó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wo ojú rẹ̀ bí ẹ ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá dùn ún ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà á láti jù ú, kí ó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i lẹ́nu ìmárale mẹ́ta náà, kí ẹ tó tún dán an wò.