Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rin Lọ́kọ́jà láti etí odò dé Òkè Patti

Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ wa láti Kàbà àti Ìsánlú tí wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn ní Lọ́kọ́jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn á gun ọ̀kadà láti gáréèjì tààrà dé ìdí Òkè Patti, wọ́n á pọ́nkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti rin Lọ́kọ́jà. Òkè nìkan ni wọ́n gùn o.

Àárín òkè yẹn àti Odò Ọya ni ìlú há sí, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi lè so ó pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ létí odò lọ́dọ̀ àwọn apẹja, ẹ gba Kabawa àti Adankolo kọjá. Ẹ yà wo iléèwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, àti òpó irin níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kọjú sí òkè.

Ẹ má gbára lé máàpù inú fóònù nìkan. Ọ̀nà ẹsẹ̀ máa ń gba àgbàlá onílé kọjá. Lọ́jọ́ kan tí èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, màmá àgbà kan pè wá padà: “Ẹ̀yin ọmọ, ṣé kò séèyàn níbí ni?” Ojú tì mí. A kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì, òun náà ló sì fi ọ̀nà tó dára jù hàn wá. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń gbọ́ Yorùbá. Nupe, Haúsá àti Ìgbìrà wà níbẹ̀. “Sannu” pẹ̀lú ẹ̀rín tó.

Àṣìṣe tó léwu jù ni kí ẹ gbéra ní aago mẹ́wàá. Ooru Lọ́kọ́jà kì í ṣeré, pàápàá ní oṣù Máàṣì àti Épírì: àpáta á mu oòrùn yó, á sì máa tú u sí yín lára títí di ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ ti wà lọ́nà. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rá omi mẹ́rin, ó kéré tán, kí ẹ sì máa mu díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó dé. Sílípáàsì kò dára. Bàtà kánfáàsì ni kí ẹ wọ̀.

Lásìkò òjò, àpáta máa ń yọ̀. Odò náà máa ń kún ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkítóbà. Ní 2012 àti 2022, omi bo ọ̀nà Ganaja. Ẹ yẹra fún etí odò lóṣù méjèèjì yẹn. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣáná rárá, koríko ti gbẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú àlejò rìn, ẹ yé sọ ọ́ bí òótọ́ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, obìnrin akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì, dúró sí tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ orúkọ náà, ní ọjọ́ 8 oṣù January 1897. Ọdún 1902 ló tó fẹ́ Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Nàìjíríà.

Ọ̀rá omi mẹ́rin tí ẹ gbé gòkè, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ kó sọ̀ kalẹ̀.