Mọ́ínmọ́ín Ẹlẹ́mìí fún Ọmọ Tí Kì Í Fẹ́ Jẹun

Ẹni tó bá ń gé karọ́ọ̀tì ní òdòdó sórí ìrẹsì ọmọ ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ ló ń bá ṣeré. Ọmọ á wo òdòdó náà, á fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, á ní bísíkíìtì lòun ń jẹ. Ohun tí ọmọ kékeré mọ̀ sí eré ni kí ọwọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀: kó bù ú, kó dà á, kó fi nǹkan pamọ́, kó tún wá a rí. Nítorí náà, ẹ fi àwọn àwo alárà tí ẹ ń rí lórí fóònù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí. Ẹ̀mí ni àwọn ohun tí a ń fi sínú rẹ̀, bí ẹyin sísè tàbí ẹja. Àwọn àgbà a máa kó ẹ̀mí méje sínú tiwọn. Fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, ẹ̀mí mẹ́ta ti tó.

Dẹ́ríkà ẹ̀wà olóyin kan, tàtàsé méjì tí ẹ ti yọ kóró inú wọn, àlùbọ́sà kan tí kò tóbi, edé gbígbẹ lílọ̀ tó kún ṣíbí ìjẹun méjì, òróró díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀. Ata rodo kò sí níbẹ̀ o. Tí ọmọ kò bá tíì jẹ edé rí, ẹ kọ́kọ́ fún un ní díẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe gbà á.

Abọ́ irin kékeré ọlọ́mọrí tí wọ́n ń tà ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà ni mo fẹ́ràn jù láti fi sè é, nítorí ìdí rẹ̀ rí roboto. Tówó kò bá sí, agolo tòmátì kékeré ṣeé lò, bí etí rẹ̀ kò bá mú. Ọ̀rá, rárá. Ewé eéran ló ń fún mọ́ínmọ́ín ní òórùn tó yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gba iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lónìí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ kàn fi díẹ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù tí ẹ máa fi bo orí àwọn abọ́ tí kò ní ọmọrí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára tí ẹ kò bá rí eéran rà.

Ọmọ ni kó bó ẹ̀wà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé abọ́ ńlá sílẹ̀, kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Èèpo á léfòó, á fi asẹ́ kó o. Ilẹ̀ á tutù, ẹ jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ tún rẹ ẹ̀wà bíbó náà fún wákàtí kan kó lè kúnná dáadáa.

Tí iná bá wà, blẹ́ńdà ilé ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàsé àti àlùbọ́sà. Tí kò bá sí, ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ láàárọ̀ kó tó lọ ata ẹnikẹ́ni, tàbí kí ẹ rọ̀ ọ́ kó fi omi ṣan ẹ̀rọ náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn ń sọ pé wọn kò fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín, ata rodo oníbàárà tó ṣáájú ló lé wọn sá.

Ẹ má ṣe da omi sí i bí ẹni ń ro ògì. Tí ẹ bá fi ṣíbí bù ú sókè, kó rọra máa já bọ́. Ẹ da òróró, edé àti iyọ̀ sí i, kí ẹ fi ọmọrogùn lù ú títí tó fi fúyẹ́.

Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á gé ẹyin, wọ́n á já ẹja, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀wà lílọ̀, wọ́n á rò ó pọ̀. Kí ni ọmọ fẹ́ wá nínú ìyẹn? Àwọn mìíràn á bu ẹ̀wà kún abọ́, wọ́n á ju ẹyin sí i láti òkè, ẹyin á rì sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá dojú rẹ̀ dé sínú àwo, ẹyin ti yọ orí sókè, gbogbo ayé ti rí i. Eré parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi òróró pa inú abọ́, kí ẹ bu ẹ̀wà dé ìdajì rẹ̀ péré. Ẹ tò wọ́n sínú ìkòkò, kí omi ìkòkò má dé ìdajì abọ́, kí ẹ bò wọ́n, kí ẹ gbé e kaná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ á dì, inú rẹ̀ á ṣì máa mì. Ẹ gbé wọn jáde sórí tíréè, kí ẹ gbé tíréè sílẹ̀ lórí ẹní. Ẹ dúró kí ìdí abọ́ tutù tó èyí tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Ẹ fi ọwọ́ tiyín dán an wò, kì í ṣe ojú. (Ewé kò lè ṣe èyí. Bí ẹ bá ń tú u tí ẹ tún ń dì í, gbogbo rẹ̀ á jò.) Ìgbà yìí lẹ wá lè pe ọmọ kó wá fi ẹ̀mí rẹ̀ pamọ́.

Tí àwọn ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni kó fi pamọ́ fún àbúrò, kí àbúrò fi pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó bá mọ ohun tó wà nínú abọ́ tirẹ̀ kò ní wá a, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ á wà á kanlẹ̀. Ẹ má gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n ń falẹ̀, ẹ má sì tún un tò. Àǹtí tó ń bá yín tọ́jú ọmọ ni kí ẹ kìlọ̀ fún jù, torí kò ní lè mú un mọ́ra bó bá rí i tí ẹ̀wà ń kán sílẹ̀.

Nípa ohun tí wọ́n ń fi pamọ́, mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìka méjì kò bá lè tẹ̀ fọ́, kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀. Karọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ jinná kó rọ̀. Ẹyin, ẹ gé e sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí kan ẹyin àparò, nítorí odindi rẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun. Sọ́séèjì, ẹ kọ́kọ́ là á ní gígùn, kí ẹ tó wá gé e wẹ́wẹ́. Èyí tí wọ́n gé roboto lè dí ọ̀nà èémí pátápátá. Odindi ẹ̀pà kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹja Titus ni mo máa ń lò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì máa ń fi ìka tú u wá egungun. Sááwá kò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò lópin, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Bí owó kò bá tó Titus, ẹja inú agolo dára, egungun rẹ̀ ti rọ̀. Ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ọmọláńgidi kékeré, kò gbọdọ̀ dé ìtòsí abọ́ náà, bó ti wù kó dùn mọ́ wọn tó.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi pamọ́, ẹ bu ẹ̀wà tó kù lé e lórí, kí ẹ dá wọn padà sínú ìkòkò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ọ̀bẹ bá wọlé tó jáde láìlẹ̀ mọ́ nǹkan, ó ti jinná.

Ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kó dì. Ìkánjú níbí ló ń fọ́ ọ. Bí ẹ bá dojú abọ́ roboto náà dé, igbá ẹ̀yìn Ìjàpá lẹ rí yẹn; dòdò kan fún orí, mẹ́rin fún ẹsẹ̀. Èmi kì í sábà ṣe wàhálà yẹn àfi lọ́jọ́ Sátidé, tí àyè wà láti pa àlọ́ Ìjàpá tó fi fìlà bo àsáró gbígbóná lórí nílé àna rẹ̀.

Ìyá àgbà á ní a kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ẹ fún wọn lófin tí yóò tẹ́ ìyá àgbà lọ́rùn: ṣíbí ni a fi ń wá a, ohun tí ṣíbí bá sì bù, ẹnu ló ń lọ. Kí ọmọ tó kan ẹyin, ó ti jẹ ìdajì. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa jẹ tiyín. Ẹ má ka ṣíbí fún un, ẹ má tan àwòrán fóònù sí i, ẹ má ṣèlérí bísíkíìtì. Bí ó bá yọ ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Ọmọ mìíràn lè kọ oúnjẹ tuntun tó ìgbà mẹ́wàá kó tó fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà, nínú ẹ̀mí mẹ́ta, kí ọ̀kan péré jẹ́ tuntun, bíi ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀fọ́ ṣọkọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ó wà níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mìíràn á máa tú oúnjẹ wò bí ọlọ́pàá.

Èyí tó bá kù, ẹ gbé e sínú fìríjì tó bá ti tutù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ yan án títí inú rẹ̀ á fi gbóná, ó dùn láti gbé lọ síléèwé. Tí iná kò bá wá mọ́jú, ẹ dà á nù.