Bí ayàwòrán ṣe lè ya fọ́tò ara rẹ̀ tí oníbàárà kò ní sá fún

Ẹni tó ń wá ayàwòrán fún ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ yóò kọ́kọ́ wo iṣẹ́ yín. Bí iṣẹ́ náà bá wù ú, ibi tó kàn tí yóò tẹ̀ lórí ìkànnì yín ni ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ara yín. Ó fẹ́ mọ irú ẹni tí yóò wọ ilé òun. Ojú kámẹ́rà máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà kì í ṣe bí ẹ ṣe mọṣẹ́ tó ló ń wò nínú fọ́tò yín, bóyá ara òun á balẹ̀ níwájú yín ló ń wò.

Ìdí nìyí tí a kò fi fẹ́ràn fọ́tò tí kámẹ́rà bo ojú ayàwòrán. Ẹ̀rọ ni oníbàárà rí, kò rí yín. Èyí tí ayàwòrán ká apá mọ́ àyà, tó fajú ro nínú òkùnkùn, lè bá ẹni tó ń ya olórin mu. Ọmọge tó ń múra ìgbéyàwó, tí kò tíì dúró níwájú kámẹ́rà ńlá rí, yóò kọjá lọ síbòmíràn.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá

Ẹ fi flash sílẹ̀ nínú àpò. Fèrèsé ńlá kan tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà ti tó. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn dára láti ọ̀sán lọ, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn dára láàárọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹta, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lókè, nítorí náà fèrèsé àríwá ni kò ní fún yín ní wàhálà nígbà náà, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́.

Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí mítà kan àbọ̀ sí fèrèsé náà, ṣùgbọ́n ẹ má kọjú sí i. Ẹ na ọwọ́ kan síwájú, kí ẹ na ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́: àárín ọwọ́ méjèèjì ni kí fèrèsé bọ́ sí. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti bọ́ sípò nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìnnà sí fèrèsé bá ṣì rí ìmọ́lẹ̀ kékeré lábẹ́ ẹyinjú. Bí ẹ bá sún mọ́ fèrèsé jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á mọ́lẹ̀ rekọjá, èkejì á rì sínú òkùnkùn. Bí ẹ bá jìnnà jù, ojú á rí pẹlẹbẹ, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ fọ́tò sókè tó) á sì máa gòkè.

Gíláàsì louvre àti irin bọ́gílárì a máa fa ìlà òjìji sójú. Ẹ ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ ìbùsùn funfun kan bò ó, ìlà náà á pòórá. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ojú yín, ẹ gbé pátákó funfun dúró, ìbáà jẹ́ páálí tí ẹ lẹ bébà funfun mọ́, kó tó 60 cm ní ìbú àti 90 cm ní gíga, kó má jìnnà ju 70 cm sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Òun ni yóò dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sínú òjìji.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo iná inú yàrá. Ọ̀pọ̀ gílóòbù òkè máa ń fà sí pupa, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé a sì máa fà sí búlúù, ojú yín á wá pín sí àwọ̀ méjì tí white balance (ètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) kan ṣoṣo kò lè tún ṣe. (Ìyẹn ni pé bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, kò kàn yín.) Ẹ ṣọ́ ògiri tó wà nítòsí pẹ̀lú: aláwọ̀ ewé tàbí pupa yóò ta àwọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n yín. Ògiri ẹ̀yìn ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí yín tó mítà kan àbọ̀ ó kéré tán, kí òjìji yín má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kí ohun tó wà lára rẹ̀ sì rí fírífírí.

Bí kò bá sí fèrèsé tó dáa, ẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ dúró sínú ibòòji, ní etí ibi tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọjú síta. Àsìkò ọyẹ́ dára gan-an fún èyí nítorí eruku ojú ọ̀run máa ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká. Ètè ló máa ń bó lásìkò náà. Ẹ fi òrí pa á ní wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Awọ dúdú àti kámẹ́rà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ti ń bàjẹ́. Light meter inú kámẹ́rà, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò mọ̀ pé ènìyàn lòun ń wò. Ohunkóhun tó bá rí, àwọ̀ eérú ló fẹ́ sọ ọ́ dà. Bí ẹni dúdú bá wọ agbádá funfun níwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á rí funfun tó pọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á sì rì. Bí ẹni yẹn kan náà bá wọ aṣọ dúdú níwájú ògiri dúdú, kámẹ́rà á gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, iwájú orí á jó di funfun.

Ẹ yí kámẹ́rà sí M, kí ẹ lè fọwọ́ ara yín yan ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi spot metering (wíwọn ìmọ́lẹ̀ ojú kan ṣoṣo) wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ bà. Bí awọ yín bá dúdú dáadáa, ẹ ya á ní nǹkan bíi stop kan (ìdajì ìmọ́lẹ̀) sísàlẹ̀ ohun tí meter sọ. Bí ẹ bá jẹ́ aláwọ̀ rírẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ya ọ̀kan wò, kí ẹ ṣí histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn: kò gbọdọ̀ kó jọ sí etí ọ̀tún. Ẹ ya á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), kí ẹ fi white balance sí nǹkan bíi 5500K, kí ó má bàa máa yí padà láti fọ́tò kan sí òmíràn.

Ohun tó ń dán lórí imú àti iwájú orí, òógùn àti òróró ni. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún, nítorí nínù ń tan òróró kálẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtíkè tó bá àwọ̀ yín mu sí i díẹ̀. Ẹ fi dídán díẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ o. Awọ dúdú tí kò dán rárá a máa rí gbẹ nínú fọ́tò.

Kámẹ́rà àti ibi tí yóò dúró

Lórí kámẹ́rà full-frame (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi), lẹ́ńsì 50mm tàbí 85mm ni. Lórí APS-C (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré sí i), 35mm tàbí 50mm. Ẹ má sún mọ́ ọn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Àwọn kan gbà pé lẹ́ńsì ló ń sọ imú di ńlá, ṣùgbọ́n sísúnmọ́ ló ń fa á. Nígbà tí kámẹ́rà bá wà ní 50 cm sí ojú, imú sún mọ́ ọn ju etí lọ débi pé ó hàn. Ní mítà méjì, ìyàtọ̀ yẹn kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo fóònù, kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kó lò, kó fi í sí 2x, kó sì gbé e jìnnà.

Ìwọ̀n imú yín ni kí ojú lẹ́ńsì ga dé. Kámẹ́rà tó wà lókè ń sọ yín di kékeré, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń fi ihò imú hàn, ó sì ń jẹ́ kí ẹ máa wo oníbàárà látòkè.

Ẹ lo f/2.8 sí f/4 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), 1/200 ìṣẹ́jú àáyá, ISO láti 400 dé 1600. Ẹ má jẹ́ kí f/1.8 tàn yín jẹ. Ní mítà kan àbọ̀, lẹ́ńsì 85mm ní f/1.8 kò fún yín ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tó mọ́ kedere lọ. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹyinjú ti jáde nínú rẹ̀, imú ló kù.

Bí kámẹ́rà yín bá ní eye AF, tó ń wá ẹyinjú fúnra rẹ̀, ẹ tan án, ó parí. Bí kò bá ní, ẹ wá igi ìgbálẹ̀ tàbí light stand, kí ẹ gbé e dúró síbi tí ẹ fẹ́ dúró, kí orí rẹ̀ tó ìwọ̀n ẹyinjú yín. Ẹ lẹ tépù mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí igi náà. Ẹ fi autofocus mú igi, kí ẹ wá yí lẹ́ńsì sí MF, kó má fúnra rẹ̀ yí ibi tó mọ́ kedere padà mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i sí MF yóò padà wá bá ògiri ẹ̀yìn tó mọ́ kedere, tí ojú òun sì rí bàìbàì. Nígbà tí ẹ bá wá dúró, ọ̀gangan òkè tépù ni kí ẹyinjú yín wà, kì í ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín. Ẹ lè tẹ̀ síwájú láti ìbàdí láìmọ̀, nítorí náà, lẹ́yìn fọ́tò mẹ́wàá, ẹ lọ sún ẹyinjú sí ńlá lójú kámẹ́rà kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ní ti títẹ kámẹ́rà, a kò gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ máa fi self-timer sáré lọ sáré bọ̀. Ojú ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá lọ́kàn ni yóò jáde. Interval timer ló dáa jù: fọ́tò kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 3, títí tí yóò fi di 40. Bí kò bá sí nínú kámẹ́rà, rímóòtù oníwáyà kékeré wà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí. Canon Camera Connect tàbí Nikon SnapBridge lórí fóònù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú yín á máa fà sí fóònù. Ẹ fi í sí ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sọ ọwọ́ sílẹ̀.

Ojú àti ara

Aṣọ tí ẹ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Àdìrẹ tàbí aṣọ aláwọ̀ kan dára. Gínì a máa dán, aṣọ onílà wẹ́wẹ́ a sì máa hu àwọ̀ àràmàǹdà lójú kámẹ́rà. Ẹ ti fìlà àti gèlè sẹ́yìn díẹ̀ kí òjìji wọn má bo ojú. Bí ẹ bá ń lo ìgò ojú tó ń dá fèrèsé padà, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lórí etí, kí gíláàsì rẹ̀ dojú kọlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ yí èjìká kúrò lọ́dọ̀ kámẹ́rà díẹ̀, kí ẹ yíjú padà sí i. Ẹ gbé ìwúwo ara lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí, bí a ṣe ń tẹ̀ síwájú gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ. Ẹ na àgbọ̀n síwájú bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Lára yín, ó máa ṣàjèjì. Nínú fọ́tò, ó ń mú kí abẹ́ àgbọ̀n dúró dáadáa. Bí ọwọ́ bá ń dà yín láàmú, ẹ di kámẹ́rà àtijọ́ kan mú ní ìwọ̀n ìbàdí, kó má gòkè dé àyà.

Ẹ̀rín ló kù, òun ló sì le jù. Dókítà ará Faransé kan, Guillaume Duchenne, ṣàlàyé ní 1862 pé ètè máa ń gbọ́ àṣẹ, ṣùgbọ́n iṣan tó yí ẹyinjú ká kì í sábà gbọ́, àfi bí inú bá dùn ní tòótọ́. Oníbàárà kò mọ orúkọ iṣan kankan, síbẹ̀ á mọ̀ pé ẹ̀rín yìí kò dé ojú. Bí ẹ bá di ẹ̀rín mú ju ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta lọ, ojú ti kúrò nínú rẹ̀, eyín ló kù.

Nítorí náà, ẹ má di í mú. Láàárín fọ́tò kan sí èkejì, ẹ wolẹ̀, ẹ mí síta, ẹ jẹ́ kí ojú sinmi, kí ẹ wá gbójú sókè bí kámẹ́rà ṣe fẹ́ ya. Ẹ pe ọ̀rẹ́ kan kó dúró lẹ́bàá lẹ́ńsì, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kámẹ́rà, kó máa bá yín tàkúrọ̀sọ. Ẹ dá a lóhùn ní ojú rẹ̀, kí ẹ wá yíjú sí lẹ́ńsì kí ẹ̀rín tó kú. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹ pe ẹnì kan lórí fóònù, kí ẹ gbé fóònù náà sídìí kámẹ́rà. Tàbí kí ẹ kí lẹ́ńsì sókè bí ẹ ṣe ń kí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà: «Ẹ káàbọ̀ o, ẹ wọlé, ẹ jókòó.» Fọ́tò tó dáa kì í bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹnu á ṣí gbàgà. Ìdákẹ́jẹ́ kékeré tó tẹ̀lé e ni ẹ ń wá. Ẹni tó bá ní èjí, kó má pa ẹnu dé o.

Yíyan èyí tí yóò lọ

Ẹ dín in kù sí mẹ́ta, kí ẹ má sì dá yàn. Ojú tí ẹ mọ̀ nínú dígí, òdìkejì rẹ̀ ni kámẹ́rà yà, ìyẹn ló fi máa ń dà bí ẹni pé nǹkan kan kò tọ́. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí, lórí fóònù, kí ó tóbi bí èékánná àtàǹpàkò. Ẹ má bi wọ́n pé èwo ló rẹwà. Ẹ bi wọ́n pé: «Èwo nínú wọn ni ẹ máa pè láago?»

Ẹ lè pa ìrorẹ́ àná rẹ́, ìyẹn á kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ilà ojú, ewú àti ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú sílẹ̀, kí ẹ má sì fi kọ̀ǹpútà bó ara yín. Oníbàárà yóò rí yín lójúkojú lọ́jọ́ iṣẹ́.

Ẹ gé e ní 4:5, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè orí nítorí àwọn ibi tó ń gé fọ́tò sí róbótó máa ń gé gèlè lórí. Ẹ fi í pamọ́ ní JPEG, sRGB (ètò àwọ̀ fún orí ìkànnì), 1600 px ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, quality 75 sí 80. Bí ó bá ju 400 KB lọ, ẹ tún dín in kù, dátà ni oníbàárà fi ń ṣí i. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ yín àti ìlú sọ fáìlì náà dípò IMG_4471. Kí fọ́tò yẹn kan náà wà lórí WhatsApp àti Instagram yín, kí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lè mọ̀ pé ẹni tí òun rí lórí ìkànnì lòun ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fá irùngbọ̀n, gé irun tàbí bẹ̀rẹ̀ sí lo ìgò ojú, ẹ ya òmíràn.