Bí a ṣe ń fi eegun màlúù ṣe èèkù ọ̀bẹ àpò

Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀bẹ àpò ní Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti fi eyín mámọ́ọ̀tì ṣe èèkù rẹ̀. Mámọ́ọ̀tì ni erin onírun ayé àtijọ́. Nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn tó gbẹ̀yìn nínú wọn kú tán. Ilẹ̀ dídì Siberia ló tọ́jú eyín wọn, omi inú ilẹ̀ sì rẹ ẹ́ láró: òmíràn á pọ́n rúsúrúsú, òmíràn á yọ búlúù bí àdìrẹ.

Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Eyín erin gan-an ńkọ́? A mọ̀ ọ́n nínú ìrọ́kẹ́ Ifá àti iṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Láti 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, erin tó kù nínú igbó wa ò sì pọ̀ mọ́. Eegun màlúù ni èmi ń lò ní Ìbàdàn níbí, ó sì ń tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà ní Bódìjà, ẹ ní eegun ojúgun màlúù tó ti dàgbà lẹ fẹ́. Ti ọmọ màlúù kì í nípọn tó. Ẹ fi ayùn gé orí méjèèjì, ẹ ti mùdùnmúdùn rẹ̀ jáde, kí ẹ gbé e kaná nínú omi. Kó gbóná, kó má hó. Bó bá hó, ọ̀rá á wọ inú eegun, á máa rùn, á sì máa pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ha ẹran ara rẹ̀ kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ ìfọṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́.

Gbígbẹ ló kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, inú oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́, mo sá a sórí páànù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sán láti òkè délẹ̀. Mo fi ìyókù ṣe èèkù náà, àfi bí mo ṣe ń bó ọsàn lọ́jọ́ kan tó là sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Nísinsìnyí, aṣọ ni mo ń fi wé e, mo ń gbé e sí ibòòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo tún ń gbé e lé ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun: bí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbẹ.

Ẹ là á sí pẹlẹbẹ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà mẹ́rin. Ẹ lo ìbomú, kí ẹ sì máa da omi sí i bí ẹ ṣe ń gé e, torí eruku eegun burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, ẹ ha inú rẹ̀ títí tí kò fi ní mì lórí gíláàsì náà mọ́.

Ẹ mú ọ̀bẹ àpò tí ike èèkù rẹ̀ ti fọ́, ẹ yọ ike náà, kí ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ká ojú ọ̀bẹ wọlé, ẹ fi téèpù dì í. Ẹ fi Araldite lẹ eegun mọ́ irin, ẹ fún un pọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi dírílì lu ihò ní pẹ̀lẹ́, ẹ máa sinmi kó má gbóná. Ooru lè sán an. Ọ̀pá idẹ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin ni mo ń gé sínú ihò náà pẹ̀lú Araldite. Ẹ má fi òòlù lù ú.

Ó ku sáńpépà, láti orí èyí tó rí gbágungbàgun dé èyí tó kúnná: nọ́ńbà 120, 240, 400, 800, lẹ́yìn náà ẹ fi ìda oyin àti àkísà dán an.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní eyín erin lẹ lò, ẹ jẹ́ kó wo ibi tí ẹ ti gé e: eegun ní àmì dúdú wẹẹrẹwẹẹrẹ. Bí a bá gé eyín erin tàbí ti mámọ́ọ̀tì lábùú, ìlà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń gba ara wọn kọjá bí àwọ̀n. Igun tí ìlà ti mámọ́ọ̀tì ń ṣe níbi tí wọ́n ti pàdé kì í tó 90 dígírì. Ti erin máa ń ju 115 lọ.